Etí Ọmọ Ti Mọ Ìlù Kí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Tó Bá A: Àlàyé fún Òbí lórí Orin àti Ijó Ọmọ Kékeré

Ọ̀pọ̀ òbí ló ti wo ọmọ ọdún 2 níbi tó ti ń jó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá ìlù lọ rárá, tí wọ́n sì sọ pé, "Eléyìí ò mọ ijó o." Àwọn mìíràn á gbé ọmọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á tan orin sí i láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n á sì máa retí pé kí ijó wọ̀ ọ́ lára. Ibì kan náà ni àṣìṣe méjèèjì ti wá: a ò ya ohun tí etí ọmọ ti mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ara rẹ̀ lè ṣe. Ọmọ ti ń gbọ́ ìlù láti inú oyún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì ní lè bá ìlù náà rìn dáadáa títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún 4 tàbí 5. Ohun tí àwọn ará ilé bá ń ṣe láàárín ìgbà méjèèjì yìí ni yóò jẹ́ kí ọmọ fẹ́ràn orin àti ijó, tàbí kí ó máa sá fún un.

Ohun tí etí ti mọ̀

Láti nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkeje oyún ni ọmọ inú ti ń dáhùn sí ìró. Ìró tó rẹlẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jù, nítorí pé ara ìyá ń dí ìró tó ga lọ́nà. Ó ń gbọ́ bí ọkàn ìyá ṣe ń lù, ó ń gbọ́ ìlù ńlá, ó sì ń gbọ́ ohùn ìyá fúnra rẹ̀, èyí tó ń gba inú egungun àti ẹran ara wọlé tọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tuntun fi ń dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti obìnrin mìíràn.

Ní 2009, István Winkler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Budapest lórílẹ̀-èdè Hungary lu ìlù fún àwọn ọmọ ọjọ́ 2 sí 3 tó ń sùn, wọ́n sì ń wo bí ọpọlọ wọn ṣe ń dáhùn. Nígbà tí wọ́n bá yọ ìró tó yẹ kó bọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń balẹ̀, ọpọlọ ọmọ á fi hàn pé ohun tí òun ń retí kò dé. Ọmọ tí kò tíì lè gbé orí dúró ti mọ ibi tí ìlù yóò balẹ̀.

Etí ọmọ ọwọ́ tún ṣí sílẹ̀ ju tàwa àgbà lọ. Nínú ìwádìí tí Erin Hannon àti Sandra Trehub gbé jáde ní 2005, wọ́n fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà ní orin ilẹ̀ Balkan (ní gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù) gbọ́, èyí tí ìlù rẹ̀ kì í pín dọ́gba bíi ti orin tí wọ́n mọ̀ nílé. Ọmọ oṣù 6 ń mọ̀ bí wọ́n bá da ìlù náà rú. Ọmọ oṣù 12 kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ti ìlú rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ yé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi orin Balkan sílé fún àwọn ọmọ oṣù 12 yìí fún ọ̀sẹ̀ 2, etí wọn tún là sí i. Wọ́n dán an wò lára àgbà pẹ̀lú, èrè tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òbí tó ń gbé ní London tàbí Houston, tó fẹ́ kí dùndún àti bàtá jẹ́ ìró ilé létí ọmọ rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan. Kò pọn dandan kó jẹ́ wákàtí gígùn. Bí a bá ń fi sí i lójoojúmọ́ nígbà tí a bá ń wẹ ọmọ tàbí tí a bá ń bọ́ ọ, ó ti tó.

Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá tó ń jó, ìlù ló ń kọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò ka pípọ̀n sí ẹ̀kọ́ orin, bẹ́ẹ̀ òun ló lágbára jù nínú ọdún àkọ́kọ́. Ní 2005 bákan náà, Jessica Phillips-Silver àti Laurel Trainor ní Kánádà ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú àwọn ọmọ oṣù 7. Wọ́n lu ìlù kan tí gbogbo ìró inú rẹ̀ dọ́gba, tí ìkankan ò le ju èkejì lọ. Bí ìlù náà ṣe ń lọ, wọ́n gbé àwọn ọmọ kan sókè sódò lórí gbogbo ìró kejì, wọ́n gbé àwọn mìíràn lórí gbogbo ìró kẹta, fún ìṣẹ́jú 2 péré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fún wọn ní ìlù méjì gbọ́, ọ̀kan tí ìró kejì-kejì rẹ̀ le, ọ̀kan tí ìró kẹta-kẹta rẹ̀ le. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ́tí pẹ́ sí èyí tó bá bí wọ́n ṣe gbé e mu. Bí wọ́n bá dí ọmọ lójú, bákan náà ló rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kàn jókòó tó ń wo ẹni tó ń fò kò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Ara ọmọ ló kọ́ etí rẹ̀ ní ibi tí ìlù ti balẹ̀.

Bí a ó ṣe lò ó rèé. Kí ọrùn ọmọ tó le, èyí tó sábà máa ń jẹ́ bí oṣù 4, ẹ gbé e mọ́ àyà, kí ọwọ́ kan di ẹ̀yìn orí rẹ̀ mú, kí ẹ sì máa tẹ̀ sí ọ̀tún tẹ̀ sí òsì jẹ́jẹ́. Ẹ má fò, ẹ má sì jù ú sókè rárá. Orí ọmọ wúwo ju agbára ọrùn rẹ̀ lọ, mímì líle sì lè pa ọpọlọ rẹ̀ lára. Lẹ́yìn tí ọrùn bá ti le dáadáa, ẹ lè pọ̀n ọ́n jó: orúnkún tó rọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ tó tẹ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, ìgbésẹ̀ tó dọ́gba. Ẹ yan orin kan, kí ẹ sì bá a lọ dé òpin lórí ìgbésẹ̀ kan náà. Ohun tó sábà máa ń ba èyí jẹ́ ni pé ìyá á máa jó, á tún máa gbé fóònù, á máa dáhùn ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti kúrò lórí ìlù. Ohun tí ara ọmọ ń gbọ́ nígbà náà yàtọ̀ sí ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́. Orin kan tí ẹ jó parí dára ju mẹ́wàá tí ẹ jó dé ìdajì.

Orin arẹmọlẹ́kún yàtọ̀ díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ falẹ̀, kí ó tún ara rẹ̀ sọ, kí ohùn sì máa lọ sílẹ̀ bí ojú ọmọ bá ti ń pa dé. Bí ẹ bá ń yí orin padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nítorí pé ó ti sú ẹ̀yin, ọmọ á máa jí pada láti gbọ́ tuntun náà.

Ohun tí ara lè ṣe, àti ìgbà tó lè ṣe é

Marcel Zentner àti Tuomas Eerola gbé ìwádìí jáde ní 2010 lórí nǹkan bí 120 ọmọ tó wà láàárín oṣù 5 sí 24. Àwọn ọmọ náà ń mi ara sí orin àti sí ìlù ju bí wọ́n ṣe ń mì ín sí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Wọn kò bá ìlù dọ́gba, ṣùgbọ́n èyí tí mímì rẹ̀ bá súnmọ́ ìlù jù, òun ló ń rẹ́rìn-ín jù. Ijó ti wà níbẹ̀, bíbá ìlù mu ló ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní nǹkan bí oṣù 9 sí 12, ọmọ á máa pàtẹ́wọ́. Bó bá ti lè di nǹkan mú dìde, ẹ ó rí i tó ń tẹ orúnkún ba, tó ń na án, tí ìdí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sókè. Ijó àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì bá ìdúró ijó Yorùbá mu gan-an, nítorí pé orúnkún títẹ̀ àti ìbàdí tó rọ̀ ni ìpìlẹ̀ ijó wa. Ẹ má na orúnkún rẹ̀ fún un, ẹ má sì fi ọwọ́ yí ìdí rẹ̀. Ní bí ọdún 2 sí 3, á lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 4 ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó lè fi ẹsẹ̀ kan ta kété-kété. Ẹni tó bá ń fẹ́ kí ọmọ ọdún 3 jó ijó ẹlẹ́sẹ̀ kan, ohun tí iṣan rẹ̀ ò tíì gbà ló ń bèèrè.

Ìyára tún wà ńbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí àgbà kan máa fi ọwọ́ lu tábìlì bó ṣe wù ú, yóò lù ú ní nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ ọdún 4 tàbí 5 yóò lù ú ní nǹkan bí ìgbà 150. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóde àríyá: àgbà ń jó jẹ́jẹ́ sí orin tó ń fà lọ, ọmọ ń sáré lórí rẹ̀, a sì ní kò gbọ́ ìlù. Ó gbọ́ ọ. Ara tirẹ̀ ló yá ju ti orin lọ. Ẹ yan orin tó yá fún un. Láti mọ ìyára orin kan, ẹ ka ìgbésẹ̀ tó bọ́ sínú ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Bó bá wà láàárín 120 sí 150, yóò bá ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 2 sí 4 lára mu.

Ohun kan wà tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ ju ìyára orin lọ: ènìyàn tó jókòó tì í. Sebastian Kirschner àti Michael Tomasello ní Leipzig lórílẹ̀-èdè Jámánì ní kí àwọn ọmọ ọdún 2 àbọ̀, 3 àbọ̀ àti 4 àbọ̀ lu ìlù pẹ̀lú ènìyàn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń lu ìlù, àti pẹ̀lú ìró tó ń jáde látinú sípíkà lásán. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ni pé gbogbo wọn bá ìlù mu jù nígbà tó jẹ́ ènìyàn ni wọ́n jọ ń lù ú. Kódà ọmọ ọdún 2 àbọ̀ yí ìyára ọwọ́ rẹ̀ padà kó lè bá ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Èyí ló fà á tí fídíò orin ọmọdé ò fi lè rọ́pò yín. Ohun tó wà nínú fóònù kò lè dúró de ọmọ, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jókòó sílẹ̀ kojú ọmọ, kí orúnkún yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ lu nǹkan bó ṣe fẹ́, kí ẹ̀yin tẹ̀ lé ìyára rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó bá rí i pé ẹ̀ ń bá òun lù, á máa wò yín. Ìgbà yẹn ni kí ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá tẹ̀ lé yín, ẹ dúró síbẹ̀. Bí kò bá tẹ̀ lé yín, ẹ padà sí tirẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 ti tó fún ọmọ ọdún 2. Bó bá ti yíjú sí nǹkan mìíràn, ó ti parí nìyẹn.

Agogo ló ń rú àgbà lójú

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí, títí kan àwọn tó mọ ijó jó, ti ń ṣi ọmọ lọ́nà. Wọ́n á ní, "Tẹ̀ lé agogo." Agogo kọ́ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé.

Ẹ gbé ìlù agogo tí gbogbo wa mọ̀ yẹ̀ wò, èyí tí à ń fi ẹnu pè ní kọ́n-kọ́n-kọ́lọ́-kọ́n-kọ́lọ́. Ìwọ̀n kékeré 12 ló wà nínú ìyípo rẹ̀ kan. Agogo lu 7 nínú wọn, ó fo 5 tó kù. Bí a bá fi àmì kékeré dípò ibi tó dákẹ́, báyìí ló ṣe lọ:

kọ́n · kọ́n · kọ́ lọ́ · kọ́n · kọ́ lọ́ ·

Ìró náà bọ́ sórí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 11. Ẹsẹ̀ oníjó ń balẹ̀ ní ìgbà 4, ó sì dọ́gba: 1, 4, 7 àti 10. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ bá kọ́n àkọ́kọ́ pàdé. Ẹsẹ̀ kejì balẹ̀ níbi tí agogo ti dákẹ́. Ẹsẹ̀ kẹta náà balẹ̀ níbi tó ti dákẹ́. Ẹsẹ̀ kẹrin ló tún pàdé ìró, ìyẹn "kọ́" tó bẹ̀rẹ̀ kọ́lọ́ ìkẹyìn. Ìdajì ìgbésẹ̀ ni agogo kò gbè lẹ́sẹ̀ rárá. Ọmọ tí ẹ bá ní kó máa tẹ ilẹ̀ níbi tí agogo bá ti dún yóò máa ta gọ̀ọ́-gọ̀ọ́, yóò tẹ ẹsẹ̀ 7 dípò 4, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ ní kó ṣe gan-an ló ṣe.

Ẹsẹ̀ ni ká kọ́kọ́ kọ́ ọ, agogo ló ń kẹ́yìn. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú, kí ẹ jọ máa rìn nínú pálọ̀ lórí ìgbésẹ̀ tó dọ́gba láìsí ìlù kankan. Nígbà tí èyí bá ti rọrùn fún un, kí ẹlòmíràn nínú ilé máa pàtẹ́wọ́ sórí ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ tan orin tó ní agogo, kí ẹ̀yin máa tẹ ilẹ̀ kíkan kí ó lè gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Fífi ẹnu pe agogo nígbà tí ẹsẹ̀ ń rìn ló ń bọ̀ gbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sì lè ṣe méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 5 tàbí 6. Àgbà pàápàá ń ta kókó níbẹ̀. Ẹ dán an wò fúnra yín kí ẹ tó bá ọmọ wí.

Orin tí ẹnu ọmọ lè gbé

Lílé àti ègbè ni ọ̀nà tó dára jù láti bá ọmọ kọrin. Ọmọ ọdún 2 lè gbe ègbè tí kò ju ọ̀rọ̀ 2 sí 4 lọ, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ẹ̀yin máa lé, kí ègbè má yí padà. Àlọ́ àpagbè wúlò gan-an fún èyí, torí pé ìtàn ló ń gbé orin, ọmọ á sì máa dúró de ibi tí òun yóò ti gbè é. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lé e, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń yára gbe ègbè náà fúnra wọn kí ọmọ tó ya ẹnu.

Ọ̀rọ̀ ohùn ṣe pàtàkì fún wa ju fún ọ̀pọ̀ èdè mìíràn lọ. Orin ìbílẹ̀ wa máa ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀: ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè ni orin ń gòkè, ibi tó bá ti wálẹ̀ ni orin ń wálẹ̀. Bí ohùn orin bá fa "bàtá" wálẹ̀ níparí, bàtà ẹsẹ̀ lọmọ gbọ́. Irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ló bá orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá tí wọ́n sì gbé ka orí ohùn òyìnbó, òun ló sì mú kí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í dá orin tó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu sílẹ̀. J. J. Ransome-Kuti wà lára wọn. Ó kọ irú orin bẹ́ẹ̀ sínú àwo ní London ní 1922. Ọmọ tó ń kọ́ èdè lọ́wọ́ nílò orin tí kò ní ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́ fún un, pàápàá ọmọ tó ń gbé níbi tí kì í ti í gbọ́ Yorùbá níta.

Ẹ lè fúnra yín dá irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mú oríkì ọmọ. Àjọkẹ́ jẹ́ dò re mí gẹ́lẹ́. Àkànní jẹ́ dò dò mí. Ẹ wá fi iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kún un. "Àjọkẹ́, wá wẹ̀" á di dò re mí, mí dò. Ègbè tirẹ̀, "Mò ń bọ̀," á di dò mí dò. Ohùn mẹ́ta péré nìyẹn, ẹnu ọmọ ọdún 2 àbọ̀ sì lè gbé e. Láti dán orin mìíràn wò, ẹ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ wá hùn ún láìsọ ọ̀rọ̀, kí ẹ gbọ́ bóyá híhùn àti orin ń gba ọ̀nà kan náà.

Kí àwọn bàbá ṣàkíyèsí èyí: ohùn ọmọ kékeré ga, àyè tó sì lè rìn nínú rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá fi ohùn inú àyà kọrin, ọmọ kò ní rí ibi tí yóò ti wọlé, yóò sì máa pariwo tàbí kó máa sọ̀rọ̀ dípò orin. Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀ ju bó ṣe rọrùn fún yín lọ.

Ohun tí ọmọ lè lù nílé

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gidi kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Okùn rẹ̀ lè já, ìlẹ̀kẹ̀ á sì di ohun tó há sí i lọ́fun. Ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí róòlù tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá lè dí ọmọ lọ́nà ọ̀fun. Ẹ lo ìgò ike omi sẹ́ńtílítà 50. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí omi díẹ̀ nínú rẹ̀ á mú kí ìrẹsì lẹ̀ mọ́ra kó má dún. Ẹ da ṣíbí ìjẹun 2 ìrẹsì gbígbẹ tí ẹ kò tíì sè sí i. Bó bá ju ìdá mẹ́rin ìgò lọ, kò ní dún mọ́, ìrẹsì ò ní rí àyè sáré. Ẹ fi gúlù lẹ ìdérí rẹ̀ pa, kí ẹ wé téèpù mọ́ ọn ní ìgbà 3 tàbí 4. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgò tó bá ti sán, ẹ jù ú nù.

Agolo wàrà ńlá, tí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, jẹ́ ìlù tó dára, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tí wọ́n gé lè gé ọmọ lọ́wọ́, nítorí náà kí ẹ fi téèpù bò ó yípo. Ṣíbí igi kúkúrú tí a fi ń ro ọbẹ̀ á ṣe é lù. Bó bá gùn ju apá ọmọ lọ, á máa gbá a lójú.

Ibi tí ayọ̀ ti ń di ìpalára

Ẹ má fi ọwọ́ kan fa ọmọ sókè láti jó, ẹ má sì di ọwọ́ rẹ̀ mú fì í yípo. Láàárín ọdún 1 sí 4, egungun ìgúnpá ọmọ lè yẹ̀ kúrò lábẹ́ iṣan tó dì í mú bí a bá fà á lójijì. Ẹ ó rí i pé ọmọ sọ apá náà sílẹ̀, kò fẹ́ lò ó, ó sì ń sunkún bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má ṣe wọ́ ọ nílé. Abẹ́ apá, ní ẹ̀gbẹ́ àyà, ni à ń gbá mú bí a bá fẹ́ gbé ọmọ sókè.

Ariwo tún burú jù, nítorí pé a kì í rí ohun tó ń bà jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (ìyẹn ìwọ̀n ariwo) 75 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òdiwọ̀n gbígbọ́ orin fún ọmọdé. Ìgbàkígbà tí ariwo bá fi 3 lé, àkókò tí etí lè gbà á ń di ìdajì. Ní 78 ó ku wákàtí 20. Bó bá dé 99, èyí tí sípíkà òde àríyá máa ń kọjá dáadáa, nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 ló kù fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ wá ro ti ọmọ tí wọ́n pọ̀n síwájú sípíkà láti ọ̀sán dalẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ibẹ̀ kò yẹ ọmọ. Ní gbangba, bí ẹ bá sún sẹ́yìn dé ìlọ́po méjì ibi tí ẹ wà, ariwo náà á fi bí 6 dínkù. Òwú kò tó láti dí etí ọmọ. Ìbòtí tí wọ́n ṣe fún ọmọdé ni kí ẹ rà.

Ti fóònù àti tẹlifíṣọ̀n: ìlànà tí àjọ náà gbé jáde ní 2019 sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó síwájú wọn, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Ìlànà kan náà ní kí ọmọ ọdún 1 sí 4 máa lo ara fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 180 lóòjọ́. Ijó wà lára rẹ̀.

Ìpalára kan wà tí kì í ṣe ti ara. À ń ti ọmọ síwájú àlejò, "Jó fún wọn, jó!", a ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, gbogbo èèyàn ti gbé fóònù sókè. Ọmọ kan á gbádùn rẹ̀. Òmíràn á sunkún, yóò sì kọ ijó sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ọmọ tó fara mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ń wòran ń kópa. Etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè máa mì lábẹ́ aṣọ. Ẹ jẹ́ kí ó wòran. Ẹ jó níwájú rẹ̀ nílé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti wò ó, ẹ má sì rẹ́rìn-ín bó bá ṣì í.

Bí ọmọ bá ti kọjá oṣù 6 tí kì í yíjú sí ibi tí ìró ti wá, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí. Ọmọ tí kò gbọ́ràn náà lè jó. Ẹ jẹ́ kí ó fi àtẹ́wọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ìlù, tàbí kí ó bọ́ bàtà dúró sórí pákó tí ẹ gbé ìlù ńlá kà. Ìlù tó rẹlẹ̀ ni ara ń gbọ́ jù.

Nígbà tó bá ń bèèrè ìlù gidi

Ní ọdún 5 tàbí 6, ọmọ lè máa bẹ̀bẹ̀ fún gángan. Àwọn ìdílé Àyàn kì í gbé ìyáàlù lé ọmọ lọ́wọ́. Ìlù kékeré tó ń gbe ìlù lẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: gúdúgúdú láàárín dùndún, omele láàárín bàtá. Nílẹ̀ Cuba, níbi tí bàtá ti bá àwọn èèyàn wa dé, okónkolo tó kéré jù nínú mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń lù. Ìdí rẹ̀ ṣe kedere. Ìlù kékeré ń tún ohun kan náà sọ láìyẹ̀, ìyẹn sì ni ọmọ ọdún 6 nílò kó tó máa fi ìlù sọ̀rọ̀.

Gúdúgúdú kì í yí ohùn padà, ọrùn ni à ń gbé e kọ́, ọmọ sì ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́ dọ́gba lórí rẹ̀. Gángan ń fẹ́ kí apá fún ọṣán mọ́ra, agbára apá ọmọ ọdún 5 sì sábà máa ń kéré sí i. Á máa gbé èjìká sókè láti fi ran apá lọ́wọ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ọrùn á máa dùn ún, ó sì lè kọ ìlù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlù tó ń sọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ rà dandan, kànnàngó ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e sábẹ́ apá rẹ̀, kí ẹ ní kó fún ọṣán pẹ̀lú ìgúnpá nìkan, láìgbé èjìká. Bí ohùn bá yí padà, ìlù náà bá a mu. Bí kò bá yí, kí ẹni tó ń ṣe ìlù tú ọṣán náà sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún un dán wò. Ẹ gé kọ̀ǹgọ́ kúrú tó bí ìwọ̀n apá rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, kí ẹ má sì fi ìlù náà sínú oòrùn tàbí sínú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa lọ́sàn-án, torí awọ rẹ̀ á gbẹ, yóò sì fà ya.